Písítìnì Tó Gan Nínú Pálọ̀ Ìyá Àgbà

Agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni, ní àárọ̀ Sátidé kan, ọ̀sẹ̀ méjì ó dín ọjọ́ kan sí òní. Mo mọ aago náà dájú nítorí pé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jábọ́ lẹ́nu mi tán, mo wo fóònù mi bí ẹni tí iṣẹ́ ńlá kan ń dúró dè níbì kan. Iṣẹ́ kankan ò dúró dè mí. Láti ìgbà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀, n kò tíì rí iṣẹ́ tó dúró. Ńṣe ni gbogbo wọn ń sáré kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ tó jábọ́ náà ò gùn. Mo ní, "Mo lè tún un ṣe."

Inú àgbàlá ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan ni a wà, níbi ìpàdé ẹbí. Ohun tí mo ní mo lè tún ṣe ni ọkọ̀ Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí òun kú tí ọkọ̀ náà kú tẹ̀lé e, kò sì kúrò lójú kan láti ìgbà náà. Ìdí rẹ̀ wà lára ògiri balùwẹ̀, imú rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó ti múra òde tán tí wọ́n gbàgbé láti pè. Nígbà ayé Bàbá Àgbà, dírẹ́bà adájọ́ ni, ní kóòtù Igbosere. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tà ní gbàǹjo. Wọ́n ní àwọ̀ ewé ni. Mo gbà wọ́n gbọ́, bí mo ṣe gba ọ̀pọ̀ nǹkan gbọ́ nínú ilé yẹn láìrí ẹ̀rí.

Alàájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí, ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti sú mi. Ilẹ̀ tó jókòó lé yìí, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti gan. Tó bá di Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì òní, mo máa pe àwọn kọ́ńdẹ́mù kí wọ́n wá gé e lọ."

Àwọn kọ́ńdẹ́mù ni àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń ra irin tó ti bàjẹ́. Mo wo ojú àwọn ẹbí tó kù. Ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Ìyàwó Alàájì ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Àbúrò bàbá mi kan ń tẹ fóònù. Èmi, tí mo ti lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì àti àgùnbánirọ̀ ní ọ̀nà jíjìn, sọ ọ́ lọ́kàn mi pé ìbànújẹ́ ló dí wọn lẹ́nu.

Ẹ nílò láti mọ ìdí tí ó fi yẹ kí ìbànújẹ́ dí ènìyàn lẹ́nu. Inú ọkọ̀ yẹn ni pálọ̀ Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá Àgbà. Ilé wa kún. Ìdílé mẹ́sàn-án ló ń pín ilé ìdáná méjì, balùwẹ̀ kan àti ariwo tí kì í tán. Bí ẹ bá fẹ́ ronú nínú ilé wa, ẹ máa tò. Ìyá Àgbà nìkan ni kì í tò. Lójoojúmọ́, tó bá ti kí ìrun Alásárì tán, á mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ àti búútà tó fi ń ṣe àlùwàlá, á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀, á jókòó sí ọwọ́ òsì níbi tó máa ń jókòó sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń wà á, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn yẹn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ onímọ́tò. Títí di Màgàríbí, ibẹ̀ nìkan ni obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ti lè wà láyé láìjẹ́ pé ẹnìkan ń béèrè iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi nígbà tí mo dìde, kí ẹ má baà rò pé ìgbéraga ni. Kì í ṣe ìgbéraga. Àánú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìbẹ̀rù tẹ̀lé e. Ìtìjú náà wà níbẹ̀, nítorí pé ìwé ẹ̀rí mi nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ wà lára ògiri yàrá ìyá mi, nínú férémù, lókè fáànù kan tí mi ò lè tún ṣe. Ó dáa, ìgbéraga náà wà níbẹ̀ díẹ̀.

"Ìwọ?" Alàájì ní. "Kí lo máa fi tún un ṣe?"

"Mo kàwé ẹnjiníà, sà."

"A mọ̀. A ṣì ń san gbèsè rẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ wọn. Mo dúró títí ẹ̀rín fi tán.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí ẹ́ńjìnnì náà bá wá yí kó tó di Sátidé yẹn ńkọ́?"

Alàájì fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wò mí títí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. "Tó bá yí," ó ní, "a máa mọ ohun tí a máa ṣe sí i."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà ka gbólóhùn yẹn. Lójú ẹni tó gbọ́n, kò ṣèlérí nǹkan kan. Lójú tèmi, ó ṣèlérí pé ọkọ̀ ò ní kúrò mọ́. Ìyá Àgbà wúkọ́ níbi tó jókòó sí. Mo rò pé ayọ̀ ló ń mú un wúkọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Orogún mi," ó ní. Bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti kékeré, nítorí pé ìyàwó ni Bàbá Àgbà máa ń pè mí, kò sì fẹ́ kí n gbàgbé pé òun ni ìyálé. "Orogún mi, ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"

"Ìyá Àgbà, wọ́n fẹ́ gé pálọ̀ yín."

"Ta ló fẹ́ gé e?"

"Alàájì."

"Ó dáa," ó ní. "Fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó sinmi."

Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ní, ẹ wo ìwà ìrẹ̀lẹ̀ àwọn àgbà, wọ́n á máa jìyà, wọn ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Mo lọ ra sípánà.

Písítìnì, fún ẹni tí kò mọ̀, jẹ́ irin kan bí ife tí a da ojú rẹ̀ dé, tó ń sáré lọ sókè sódò nínú ihò kan. Mẹ́rin ni nínú ọkọ̀ yìí, wọ́n sì so gbogbo wọn mọ́ irin kan náà nísàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá gan mọ́ ara ihò rẹ̀, àwọn mẹ́ta tó kù ò lè lọ síbì kankan, bí wọ́n tilẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá ti gbé inú ẹbí rí ò nílò àlàyé jù báyìí lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mo ṣe é. Mo wo fídíò mẹ́rìnlá. Mo kọ ohun tí mo rí sínú ìwé, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo fi sípánà há bóòtù ńlá tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì, èyí tí a lè fi yí gbogbo inú rẹ̀ lọ́wọ́, mo fà á, kò mira. Mo wá ki páìpù omi gígùn bọ ìdí sípánà kí agbára mi lè pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ọdún kejì. Ìmọ̀ náà péye. Agbára mi pọ̀ sí i lóòótọ́, sípánà yọ̀, páìpù gbá mi níwájú orí, bóòtù sì wà níbi tó wà, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Àwọn ará ilé ò dá mi dá a. Wọ́n ń gbà mí nímọ̀ràn bí wọ́n ṣe ń lọ sí balùwẹ̀. Ọ̀kan ní kí n da míníráàsì sí i. Ọ̀kan ní àdín. Ìyàwó Alàájì ní ọmọ àbúrò òun tó wà ní Òkè-Òkun sọ pé ẹ́ńjìnnì tó bá gan, wọ́n máa ń ra òmíràn ni. Àwọn ọmọkùnrin ìta tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ń kí mi tí mo bá ń kọjá: "Ẹnjiníà wa! A gbọ́ ariwo lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó ti stáàtì ni?" Mo ní, "Ó kù díẹ̀." Wọ́n ní, "Orí ẹ ló stáàtì, a rí i tó wú."

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, mo gbé ìgbéraga mi sílẹ̀, mo lọ bá Ọ̀gá. Ọ̀gá ni mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe nígbà ayé Bàbá Àgbà, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà ní Igbosere, níbi tí àwọn lọ́yà ti ń gbé ọkọ̀ wọn wá fún un tí wọ́n sì ń bá a ṣe àríyànjiyàn. Ó ti darúgbó. Ó ń jẹ gúgúrú lórí táyà.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, ọmọ. Ọkọ̀ dà?"

"Kò lè rìn, sà. Písítìnì ẹ̀ ló gan."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, sà. Mo kàwé ẹnjiníà."

Ó wo ìwé ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ mi gan-an. Ó wo iwájú orí mi. "Ẹnjiníà," ó ní, "kí lo ti ṣe sí i?"

Nígbà tí mo dé ibi páìpù, ó di ojú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń túfọ̀ fún. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé bóòtù ò kán," ó ní. "Ohun tó bá gan, a kì í bá a jà. Bí o bá bá a jà, nǹkan mìíràn ló máa kán. Ẹ̀bẹ̀ la máa ń bẹ̀ ẹ́."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó tú òkè ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀pù, ó gbé e kúrò bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, a sì wo inú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ń dán, ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà lára wọn. Ti iwájú ti dípẹtà, ìpẹtà pupa bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ohun dúdú kan sì gbẹ mọ́ ojú písítìnì náà bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tó jóná.

Ọ̀gá fọwọ́ kàn án. "Omi ló wọ ibí."

"Òjò ni, sà," mo ní kíá. "Àti atẹ́gùn ọ̀sà. Iyọ̀ tó wà nínú atẹ́gùn Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń..."

"Ẹnjiníà, òjò kì í wọ yàrá kan kó fi mẹ́ta sílẹ̀." Ó mú púlọ́ọ̀gì tó yọ lára ihò yẹn, irin kékeré tó máa ń dí i lẹ́nu, ó gbé e sí ojú mi. "Àwọn mẹ́ta yòókù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi eyín tú wọn. Èyí, ìka lásán ni mo fi tú u. Ẹnìkan ti ń ṣí i."

Ó lọ kí ìrun Àìlà. Mo dúró ti ẹ́ńjìnnì náà, mò ń ka orúkọ gbogbo ará ilé lọ́kàn mi, mo sì ti ń dá Alàájì lẹ́bi, nígbà tí Ìyá Àgbà jáde sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní.

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mò ń ṣí i. Nígbà tí mo jáde opó, àfáà kọ hàǹtú fún mi."

Hàǹtú ni ẹsẹ Kùránì tí àfáà fi tàdáà dúdú kọ sára wàláà, pátákó ìkọ̀wé wọn, tí wọ́n á fi omi ṣàn án sínú ife kí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lè mu ún. Èmi náà mu ún kí n tó ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Àdúrà náà gbà, wọ́n gbà mí wọlé, ẹ sì ń rí ibi tó gbé mi dé.

"Kí lẹ ní kí àfáà kọ?"

"Pé kí ohun tó jẹ́ tèmi má kúrò lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ fídáù ni Alàájì ti ń wo ọkọ̀ yìí ní ìwò ẹni tó fẹ́ tà á."

"Ẹ wá dà á sínú ẹ́ńjìnnì?"

"Mo mu ìdajì, mo fún ọkọ̀ ní ìdajì. Èmi nìkan ni mo fẹ́ mu ún ni, nígbà tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fẹ́ gbé lọ?"

Mo wá ibi tí mo ti lè bá a jiyàn, mi ò rí i. Ó ní Bàbá Àgbà ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tú púlọ́ọ̀gì kí òun lè máa nù ún fún un, àti pé ti iwájú nìkan lọ́wọ́ òun tó. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, fún ọdún kan gbáko. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mi kọ́ mi ní ohun tí omi máa ń ṣe sí irin fún odindi sáà kan. Mo kùnà lẹ́ẹ̀kan, mo tún un ṣe. Wọn ò sọ fún mi pé ẹnìkan lè mọ̀ọ́mọ̀ fi omi de ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Àdúrà náà sì gbà. Ọdún mọ́kànlá, ọkọ̀ ò kúrò.

Nígbà tí Ọ̀gá padà dé tí mo sọ fún un, mo ń retí pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo inú ihò náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Àfáà yẹn mọ iṣẹ́," ó ní. Láti ìgbà náà, kò fi àkísà ìdọ̀tí kan ihò iwájú mọ́. Aṣọ funfun tó mọ́ ló ní kí n máa lò, kí n má sì jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá nu ìpẹtà tán. Kí n kó o sínú ọ̀rá, kí n lọ jù ú sínú omi tó ń ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fi ìwé ẹ̀rí mi rìn lọ sí etí ọ̀sà lójoojúmọ́, pẹ̀lú ọ̀rá àkísà lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tó kù, sùúrù ni. Ọ̀gá po ọ́ìlì gíà mọ́ kẹrosíìnì, ó dà á sórí písítìnì náà títí ó fi bò ó, ó ní kí n fi sílẹ̀ kó máa wọ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, màá fi sánpépà wẹ́wẹ́ ha ìpẹtà tó wà lára ihò lókè, màá nù ún, màá da òmíràn sí i, màá fi sípánà kúkurú ti bóòtù iwájú sọ́tùn-ún, màá tì í sósì, láìfi ipá ṣe é. Páìpù, Ọ̀gá ti gbé e lọ sílé. Túsìdè, kò mira. Wẹ́sìdè, kò mira. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò bínú. Ohun tó wà lára mi dà bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́: ẹ ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ kan ilẹ̀kùn, ẹ sì ń fetí sílẹ̀, ẹ ò sì mọ̀ bóyá ògiri ni ẹ ń kàn.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdè, lẹ́yìn Alásárì, Ọ̀gá dé. Gbogbo ará ilé ti wà lọ́jà, àwa mẹ́ta nìkan ló wà nínú àgbàlá. Ó ti fẹ́ táyà, ó ti fi ọkọ̀ sí gíà kẹrin, kí ó lè jẹ́ pé bí a bá ti mi ọkọ̀, inú ẹ́ńjìnnì náà á máa mì. Ìṣòro kan ló kù. Ìyá Àgbà ti wà ní àyè rẹ̀ lẹ́yìn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká mi ọkọ̀ yìí."

"Ìgbà wo ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ bá ń tún un ṣe?"

"Ìgbà yẹn, Bàbá wà láyé."

"Èmi náà wà láyé. Ẹ máa mì í."

Ọ̀gá wò mí. Mo fi èjìká ti òpó ilẹ̀kùn iwájú. Ó gbé igi kékeré lé orí písítìnì, ó fi òòlù ń kàn án, kò le, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀. "Tì. Fi sílẹ̀. Tì. Fi sílẹ̀." Ìyá Àgbà ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ, orí rẹ̀ ń mì bí a ṣe ń mì í. Òógùn bò mí lójú. Mi ò mọ iye ìgbà tí a ṣe é. Mo kàn mọ̀ pé ó dé ìgbà kan tí mo tì, tí ohun kan sì dún nísàlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ náà sì lọ síwájú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan.

Ọ̀gá sọ òòlù sílẹ̀. Ó ní, "Alihamudulilai." Ó mú sípánà kúkurú, ó fi ọwọ́ kan yí bóòtù iwájú, písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lọ sókè sódò níwájú mi, méjì ń bọ̀, méjì ń lọ. Mo sunkún. Mo ń sọ pé ìpẹtà ló kó sí mi lójú.

Ìyá Àgbà ti dá tẹ̀sùbáà dúró. Ó ń wo iwájú, gba inú gíláàsì, ibi tí ẹnu ọ̀nà wà. "Ó rìn," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn náà ó yí sí mi, ó ní, "Má jẹ́ kí Alàájì gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ohùn Alàájì dé sórí fóònù gbogbo ẹbí kó tó di Màgàríbí. "Ẹ̀yin ẹbí, asalamu alaekumu. Mo ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Ìkòyí, tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ. Láti ọjọ́ yìí ló ti ń sọ pé bí ẹ́ńjìnnì bá gan, òun ò fẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá lè yí, kódà kó jẹ́ ọwọ́ la fi yí i, ó máa gbé e. Ó ń bọ̀ ní Sátidé lẹ́yìn Àìlà. Ẹnjiníà wa, ṣé ó ti ń yí? Ọlọ́run á bù kún ọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣe nínú ilé yìí lo dáwọ́ lé."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi lórí fóònù. Ìyá mi kọ ọ́ pé òun mọ̀ pé owó ilé ìwé tí òun san ò ní ṣòfò. Mo gbọ́ ohùn Alàájì lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà àkọ́kọ́, inú mi dùn. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín: ó dùn gan-an, ẹnikẹ́ni ò tíì gbóríyìn fún mi láti ìgbà tí mo ti wọ aṣọ àgùnbánirọ̀. Ìgbà kejì ni mo tó gbọ́ "ó máa gbé e." Ìgbà kẹta, mo jókòó sílẹ̀.

Mo lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Ìyá Àgbà, mo rò pé bó bá yí, wọn ò ní gé e mọ́."

"Ta ló fẹ́ gé e tẹ́lẹ̀?" ó ní. "Ọdọọdún ló ń pe kọ́ńdẹ́mù nípàdé."

"Wọ́n ti wá rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin wá. Mo jókòó síbí yìí. Wọ́n bi Alàájì pé ṣé kí àwọn gé Màmá mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, ó kàn máa ń sọ ọ́ kí wọ́n lè rántí pé òun ni olórí ẹbí."

"Gbogbo wọn sì mọ̀?"

"Ṣé o ò rí ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́ ni?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo ní kó o fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó sinmi."

"Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni."

Ó wò mí pẹ̀lú àánú tòótọ́. "Orogún mi, ìgbà wo lo rí mi tí mo rẹ ara mi sílẹ̀ rí?"

Mo ní, ó dáa, kí ó jókòó sínú rẹ̀ ní Sátidé náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe fún àwọn kọ́ńdẹ́mù. Ó mi orí. "Ayùn ò bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá mú ayùn wá, mo mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Ẹni tó máa bẹ̀ mí ni mo bẹ̀rù. Ọmọ mi ni. Bí Alàájì bá dọ̀bálẹ̀ níwájú àlejò, tó ní 'Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ti ń yí, ẹ má dójú tì mí,' mo máa sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ ara mi."

Gbogbo ohun tí Ọ̀gá kọ́ mi nípa ohun tó gan padà wá sí etí mi. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Òní ni Jímọ̀ọ̀. Ọ̀gá dé láàárọ̀, ó dá tọ́ọ̀pù padà, ó di gbogbo bóòtù. Mo bi í pé kí ni ó máa sọ bí Alàájì bá bi í. Ó ní, "Èmi ò ní parọ́ nítorí ọkọ̀, mo ti dàgbà jù. Ṣùgbọ́n ìkómọ wà ní Ìjẹ̀bú lọ́la. Ẹni tí kò sí ńlé, ta ló máa bi í?" Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kí Ìyá Àgbà, ó lọ. Ó fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí sí yín. Mi ò tíì dá Alàájì lóhùn, ó sì ti rí i pé mo gbọ́ ọ. Bí mo bá ní ó ti ń yí, màá di ẹnjiníà tòótọ́ lójú ẹbí fún ìgbà àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta máa wà, bóyá ìyá mi á rí ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Àgbà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò bíi ti gbogbo wa. Bí mo bá ní kò yí, irọ́ ni mo pa fún olórí ẹbí, ọkùnrin Ìkòyí náà á sì lè fi sípánà kan tú mi fó níwájú gbogbo ènìyàn. Wọn á wá mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí, wọn ò sì ní gbàgbé pé mi ò lè tún fáànù ṣe. Mo ro ti kí n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kí n máa gbé Ìyá Àgbà lọ yíká Ìsàlẹ̀ Èkó, kí wọ́n má bá wa nílé. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó yí ò tíì jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ọkọ̀ wà.

Ìyá Àgbà ti kí Alásárì tán. Ó ti wà ní àyè rẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí àfáà láàárọ̀, ó sì ti gba ohun tó fẹ́ gbà. Ó sọ fèrèsé sílẹ̀, ó na búútà sí mi, ó ní ọwọ́ òun ò tó púlọ́ọ̀gì mọ́, kí n bá òun dà á.

Mo ṣàlàyé fún un pé omi kì í mú irin gan mọ́jú ọjọ́ kan. Mo ṣàlàyé ohun tí atẹ́gùn ń ṣe àti ohun tí iyọ̀ ń ṣe. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ìwọ ṣáà dà á," ó ní. "Gígan rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tìẹ."

Búútà náà wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, sípánà kúkurú tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn Àìlà ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé inú ẹbí pẹ́ jù mí lọ, ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n mú?